Kọntiróòlù àti Márùn-ún

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìgbójú kúrò nínú ife tíì rẹ̀:
"Mitsue, Hatakeyama ti dá nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ padà.
Bá mi yọ ọ́ kúrò nínú ìwé."
Ìta tutù. Ìkùukùu òkun Hokkaido bo fèrèsé
bí ẹni fi àkísà ọlọ́ràá nu gíláàsì.

Mo ṣí àtẹ ìṣirò,
àpótí lórí àpótí, afárá tí kò ní oyin:
orúkọ, ọkọ̀, ìwọ̀n ewé òkun tí wọ́n sá gbẹ lọ́dún tó kọjá.
Hatakeyama Genzaburo, ẹsẹ̀ kẹtàlá.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀
kí òun fúnra rẹ̀ tó kọ tirẹ̀.

Ryota, ọmọ tuntun ọ́fíìsì, na ìka:
"Ẹ pa gbogbo ẹsẹ̀ yẹn rẹ́.
Àwọn tó kù á sún sókè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn,
pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ogójì ni wọ́n ní ó wà kí n tó gba àga yìí.
Mẹ́tàdínlógójì ni mo bá nínú kọ̀ǹpútà.
Mẹ́ta tó dín yẹn,
mi ò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.
Akọ̀wé tó ṣáájú mi fẹ́ràn ìmọ́tótó.
Ó gbá wọn mọ́ ilẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìṣirò ní Kushiro, gègé ló fi ń kọ ọ́.
Bó bá ṣàṣìṣe, ìlà pupa méjì ló ń fà, pẹ̀lú rúlà,
á wá fi òǹtẹ̀ rẹ̀ kékeré lu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀
kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn
lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo tẹ àpótí náà.
Mo di Kọntiróòlù mú, mo fìka kan márùn-ún.
Ìlà tín-ín-rín gba àárín orúkọ kọjá,
bí àmì tí omi ń fi sára òpó èbúté.
Hatakeyama Genzaburo. Mo ṣì ń kà á.
Ìlà kì í pa ojú rẹ́.

Mo wo ìsàlẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ka orí wọn:
mẹ́tàdínlógójì.
Mo pa á, mo tún un ṣí.
Mẹ́tàdínlógójì.
Ryota rẹ́rìn-ín: "Kọ̀ǹpútà ò rí ìlà.
Ojú èèyàn nìkan ni wọ́n fà á fún."
Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ gbé omi kaná.

Ní ọjọ́ kẹta, Kikue ìyàwó rẹ̀ wọlé,
bàtà rọ́bà rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù,
ewé òkun gígùn kan léjìká rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
"Èmi ò wọkọ̀ o. Etíkun ni mo wà.
Èyí tí ìjì bá gbé sílẹ̀ ni mò ń ṣà.
Ṣé ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀ ni?"
Ó yíjú, ó rí orúkọ ọkọ rẹ̀.
"Ẹ ti fokùn dè é.
Agogo mẹ́rin ìdájí ló ṣì ń jí
láti gbọ́ bí òkun ṣe máa rí, nínú rédíò."

Mo tún kan Kọntiróòlù àti márùn-ún.
Bọ́tìnnì tó fa ìlà náà ló ń gbé e kúrò.
Mo wá wọnú àpótí, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń yọ egungun lára ẹja,
mo yan Genzaburo nìkan, mo fà á láàárín,
mi ò fọwọ́ kan Hatakeyama,
mo kọ Kikue sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní kí n jẹ́ kí lẹ́tà náà tóbi díẹ̀ sí i,
ojú òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.
A gbé ewé náà sórí ìwọ̀n.
Omi rẹ̀ ṣì ń ro.